Táǹkì Epo Àtijọ́ Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ilé Wa ní Jericho

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ilé Ẹgbẹ́ sọ ní Àpéjọ Ọdọọdún)

Nígbà tí Akọ̀wé ní kí a wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí iṣẹ́ tí Ìgbìmọ̀ Ilé ṣe, a mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni ìṣirò owó ọ̀dà àti ti páànù òrùlé. Ìṣirò náà wà lọ́wọ́ Akápò. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ táǹkì ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ohun kan bú gbàmù ní Bódìjà, Ìbàdàn sì mì tìtì. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé wó, àwọn ènìyàn sì di aláìnílé ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ fún ará ìlú pé àwọn tí ń wa kùsà láìgba àṣẹ ni wọ́n kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan ní àdúgbò náà. Nígbà tí a ṣe ìpàdé lẹ́yìn èyí, bàbá kan láàárín wa dìde, ó ní: “Àwọn ará Bódìjà kò mọ ohun tí ó wà ní ilé kejì. Àwa ń kọ́? Ǹjẹ́ a mọ ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ ilé tiwa?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwa náà wà lára àwọn tí ó rẹ́rìn-ín, kí a má purọ́. Síbẹ̀ a lọ wò ó.

Ẹ mọ ilé náà, níbi tí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ń wọ̀ sí. Ẹ sì mọ Jericho bí ó ti rí. Àwọn òyìnbó aláṣẹ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó fún ara wọn, pẹ̀lú àgbàlá gbígbòòrò àti igi ńláńlá. Nígbà tí ó yá, ilé ìwòsàn dé ibẹ̀, Ilé Iṣẹ́ Ìwádìí Igbó tí a dá sílẹ̀ ní 1954 wà lórí òkè náà, àwọn atẹ̀wétà bí Evans, Heinemann àti University Press sì fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro kí ọmọ Yorùbá kan kàwé jáde láìka ìwé tí ó ti Jericho wá. Ní ọdún 1972 ni ìjọba dá NEPA sílẹ̀, gbogbo wa ni a sì mọ ìtàn iná mànàmáná láti ìgbà náà wá. Olúkúlùkù tí ó ní agbára ra ẹ̀rọ amúnáwá tirẹ̀. Ẹni tí àgbàlá rẹ̀ bá sì gbòòrò kì í fẹ́ kí àlejò rí àgbá epo lójúde, ó sàn fún un kí ó ri táǹkì mọ́lẹ̀. Ohun tí ẹni tí ó ni ilé wa tẹ́lẹ̀ ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí epo dísẹ́ẹ̀lì di ọ̀wọ́n gógó ní 2022, tí ìjọba sì mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí bẹntiróò ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, àwọn tí ó lágbára bẹ̀rẹ̀ sí gba iná láti ara oòrùn. Ẹ̀rọ amúnáwá dákẹ́, wọ́n tà á fún àwọn onírin àlòkù. Táǹkì kò ṣeé gbé tà, ó dúró sínú ilẹ̀, koríko sì bò ó. Abẹ́ igi máńgòrò ni a ti rí tiwa.

A ṣí ìdérí irin náà, a fi ọ̀pá ìwọ̀n sí i. Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ wa, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ibi tí a ń kó epo pamọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì, ni ó fi ọ̀dà kan pa ìdí ọ̀pá náà, èyí tí àwọn oní-ilé-epo máa ń lò, tí àwọ̀ rẹ̀ í yí padà níbi tí omi bá ti kàn án. Epo ṣẹ́kù díẹ̀. Omi tó ìka mẹ́rin lábẹ́ epo. Lábẹ́ omi ni ẹrọ̀fọ̀ wà, ọ̀pá sì rì wọ inú rẹ̀ kí ó tó kan irin.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹni tí ó ta epo fún wa ni ó fi omi lú u. Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n epo tí ó mọ́ gaara pàápàá yóò ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bí ó bá pẹ́. Táǹkì a máa mí bí ènìyàn. Nígbà tí ooru bá mú, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a fẹ̀, a sì gba ẹnu páìpù kékeré jáde. Nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, tàbí nígbà tí a bá fa epo lò, afẹ́fẹ́ tuntun a wọlé rọ́pò, afẹ́fẹ́ Ìbàdàn tí ó kún fún ọ̀rinrin ní ìgbà òjò. Ọ̀rinrin yìí a di ìrì lára irin, a sì ṣàn wálẹ̀. Nítorí pé omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ pátápátá ni í lọ jókòó sí. Ojú ibi tí omi àti epo ti pàdé ni àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín kan ń gbé: omi ni wọ́n ń mu, epo ni wọ́n ń jẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960 ni àwọn tí ń tọ́jú ọkọ̀ òfurufú ti bá irú wọn nínú táǹkì epo ọkọ̀, tí ó hù bí èyí tí í hù lára búrẹ́dì tí ó pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n a máa tu oje kíkan sílẹ̀, oje náà a sì máa jẹ irin. Irin a dípẹtà, ìpẹtà a ṣí já sínú omi, a pò mọ́ òkú àwọn ohun abẹ̀mí náà, gbogbo rẹ̀ a wá di ẹrọ̀fọ̀ dúdú tí ó ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Ohun tí ó ń pa ẹ̀rọ amúnáwá wa kú lójijì nígbà náà lọ́hùn-ún nìyẹn, tí a ń pààrọ̀ asẹ́ epo lóṣooṣù, tí a sì ń bú mẹkáníìkì. A jẹ ọkùnrin náà ní àforíjì.

Ọ̀rọ̀ wá kan ibi tí ó ń tì wá lójú. A pinnu láti fọ táǹkì náà, kí a lè máa pa omi òjò mọ́ sínú rẹ̀. Àwa ni a dá ìmọ̀ràn yìí, kì í ṣe ẹlòmíràn. A pe ọkùnrin kan tí ó máa ń gbẹ́ kànga tí ó sì máa ń kó sọkawéè. Ó dá iye kan. A ná an títí ó fi gba ìdajì. Inú wa dùn, a rò pé a ti ṣe ẹgbẹ́ lóore. Ní ọjọ́ kejì ó mú ọmọkùnrin méjì wá, pẹ̀lú korobá, ṣọ́bìrì, okùn kan àti ọṣẹ ìfọṣọ. Èyí ẹ̀gbọ́n kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó sọ àkàsọ̀ sínú ihò, ó so okùn mọ́ àkàsọ̀, kò so ó mọ́ ara rẹ̀, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ kan lé e kí bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí tó dé láti ẹnu ọ̀nà. Ó kígbe pé: “Ọmọ, jáde kúrò níbẹ̀!” Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwa, ó ní: “Ta ni nínú yín ni yóò lọ sọ fún ìyá rẹ̀?”

Inú bí ọ̀gá wọn. Ó ní, “Bàbá, a ti fọ irú rẹ̀ rí, nǹkan kan kò ṣe.” Nígbà tí ó rí i pé bàbá kò yí ohùn padà, ó ní kí a sọ àtùpà sí i wò, bí àwọn baba wa ti máa ń ṣe sí kànga: bí iná bá kú, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Bàbá wa dáhùn pé ọgbọ́n àwọn baba wa dára, ṣùgbọ́n kànga omi ni wọ́n gbọ́n ọn fún. “Iná tí ó kú nínú kànga ń sọ fún ọ pé afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀. Iná inú táǹkì epo lè má kú o. Ẹni tí ó sọ ọ́ sílẹ̀ ni yóò kú.”

A yá ẹ̀rọ kékeré kan tí a fi ń díwọ̀n afẹ́fẹ́, a fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ó sọ. Nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí yìí, ìdá 21 nínú 100 ni ọ́síjìn tí ó gbé ẹ̀mí ró. Lẹ́nu ihò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé bẹ́ẹ̀. Ní agbede méjì, ó ti di 17. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí ọmọ náà ìbá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, 11 ni. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí kì í jẹ́ kí ènìyàn wọ ibi tí kò bá pé 19.5. Bí ó bá lọ sílẹ̀ tó 10, ojú ènìyàn a ṣókùnkùn, orúnkún a sì yẹ̀. Bí kò bá pé 6, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Kì í ṣe pé ènìyàn yóò tiraka kí ó tó kú o. Kì yóò mọ̀ pé ohunkóhun ṣe òun.

A bi ara wa pé, ta ni ó jẹ ọ́síjìn náà, nígbà tí kò sí ẹni tí ó wọ ibẹ̀ fún ọdún pípẹ́? Ìpẹtà ni. Irin kì í dípẹtà láìjẹ́ pé ó fa ọ́síjìn mọ́ra. Nínú táǹkì tí a dé pa, irin tí ó ń dípẹtà ń jẹ afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́ bí ìgbà tí ikán bá ń jẹ òpó, àwọn ohun abẹ̀mí inú ẹrọ̀fọ̀ a sì bá a pín in jẹ. Ní àfikún, ẹrọ̀fọ̀ yìí lè tu oru kan sílẹ̀ nígbà tí a bá rò ó, tí òórùn rẹ̀ dà bí ẹyin tí ó bàjẹ́. Bí oru náà bá kéré, imú yóò gbọ́ ọ. Bí ó bá pọ̀, yóò pa imú fúnra rẹ̀, ènìyàn kò ní gbọ́ òórùn mọ́, yóò sì rò pé ó ti lọ.

Tiwa jẹ́ táǹkì dísẹ́ẹ̀lì, èyí tí kì í tètè gbaná bí kò bá gbóná. Bí ó bá jẹ́ ti bẹntiróò ni, ọ̀rọ̀ ìbá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oru bẹntiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Ilẹ̀ ni í rọ̀gbọ̀kú sí, kò sì ní jáde nítorí pé a ṣí ìdérí sílẹ̀ mọ́jú. Lítà kan, bí ó bá di oru, yóò tó nǹkan bí lítà 200. Bí oru yìí bá sì ti tó ìdá 1.4 péré nínú 100, ó ti tó láti gbaná. Ẹ bá wa ṣe é: lítà bẹntiróò kan tí ó sá pamọ́ sábẹ́ ìpẹtà lè sọ afẹ́fẹ́ tí ó tó lítà 14,000 di ohun abúgbàmù. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ̀ fi ń bẹ̀rù táǹkì òfìfo ju èyí tí ó kún lọ. Àwọn wẹ́dà tí a ń gbé àgbá epo àlòkù fún pé kí wọ́n bá wa gé e, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e fún wọn mọ́, ìbáà ṣe àgbá dísẹ́ẹ̀lì, nítorí iná wọn gbóná tó láti sọ ìyókù rẹ̀ di oru.

Ohun kan tún wà nípa táǹkì bẹntiróò tí ó pẹ́. Láti àwọn ọdún 1920 ni wọ́n ti ń po oògùn kan tí ó ní òjé nínú mọ́ bẹntiróò, kí ẹ̀rọ ọkọ̀ má baà máa kan bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá 1924, ní ilé iṣẹ́ Standard Oil ní Bayway, New Jersey, ní Amẹ́ríkà, oògùn yìí da orí àwọn òṣìṣẹ́ rú, márùn-ún nínú wọn sì kú. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006 ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tó bọ́ lọ́wọ́ irú epo bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú táǹkì bẹntiróò tí a kò fọ̀ láti ìgbà náà lè ní òjé nínú síbẹ̀, ó sì lè gba imú àti ara wọlé.

Bàbá wa sọ ohun kan tí a kò lè gbàgbé. Ó ní kì í ṣe ọmọ tí ó ń wọlé nìkan ni òun ń wò. Àbúrò rẹ̀ tí ó di okùn mú lẹ́nu ihò ni òun ń wò jù. Bí ẹ̀gbọ́n bá ṣubú, àbúrò yóò bẹ́ sínú ihò, ọ̀gá wọn yóò tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú wa yóò sì tún wọ̀ ọ́. Ní ọdún 1986, àjọ NIOSH tí ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kéde pé nínú àwọn tí ó kú sínú irú ihò àti táǹkì bẹ́ẹ̀, ó ju ìdá 60 nínú 100 lọ tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ lọ yọ. Ẹ wo ohun tí ìfẹ́ ará ilé lè ṣe.

A san owó ọkùnrin náà àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ fún ọjọ́ náà, a sì lọ wá àwọn tí ó ní irinṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, wọ́n fi pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ fa epo tí ó ṣẹ́kù, wọ́n sì fi wáyà so táǹkì àti àgbá pọ̀ mọ́ irin tí a gbìn sílẹ̀, kí iná kékeré tí epo máa ń dá sílẹ̀ bí ó ti ń ṣàn má baà ta pàrà. Gbogbo fóònù wà nínú ilé. Ìyá alákàrà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà kó àdògán rẹ̀ lọ sí òdìkejì òpópónà, ẹgbẹ́ sì san owó ọjà ọjọ́ mẹ́ta fún un; èyí wà nínú ìṣirò Akápò, àwọn kan sì ti béèrè ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti páìpù afẹ́fẹ́ bọ ìsàlẹ̀ táǹkì, wọ́n gba ẹnu ihò fi omi fọ̀ ọ́ láìsí ẹni tí ó wọlé, wọ́n sì ń fa ẹrọ̀fọ̀ jáde. Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀rọ tó sọ pé afẹ́fẹ́ pé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀kan wọlé nígbà náà, pẹ̀lú okùn lára rẹ̀, tí ènìyàn méjì dì í mú lókè, tí kò sì sí èyí tí ó gbọ́dọ̀ wọlé tọ̀ ọ́ bí ó ti wù kí ó rí. Igi àti idẹ ni ó fi họ ìpẹtà, kì í ṣe irin. Ìlọ́po mẹ́rin owó tí a kọ́kọ́ dúnàádúrà sí ni ó jẹ. Akápò kò sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ náà.

Àgbá mẹ́ta ni ẹrọ̀fọ̀ náà kún. Ẹnìkan ní kí a dà á sínú gọ́tà, òjò yóò gbé e lọ. Ibo ni òjò yóò gbé e lọ? Àwọn ará ìsàlẹ̀ òkè ń mu omi kànga. Ní 1988, nígbà tí a bá ẹ̀gbin olóró láti òkè òkun ní Koko, gbogbo wa ni a pariwo. Àwíjàre ìgbà náà ni ó bí òfin tí ó dá FEPA sílẹ̀ lọ́dún yẹn, tí NESREA sì wá rọ́pò rẹ̀ ní 2007. Kò yẹ kí a pariwo lé àlejò lórí, kí a sì ṣe irú rẹ̀ sí aládùúgbò. A jẹ́ kí ẹrọ̀fọ̀ náà máa tutù nínú àgbá, nítorí irú ìpẹtà dúdú kan wà tí í gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbaná bí ó bá gbẹ, títí àwọn tí ó ní ìwé àṣẹ fi wá kó o.

Nígbà tí irin mọ́ tán ni a tó rí ohun tí a kò fẹ́ rí. Níbi tí omi ti jókòó fún ọdún wọ̀nyí, ìpẹtà ti gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ táǹkì bí ojú ajere, ọ̀kan nínú wọn sì ti lu já. Epo ti ń jò. Ọ̀rọ̀ omi òjò parí níbẹ̀; a fi yanrìn àti sìmẹ́ǹtì dí táǹkì náà pa, a sì kọ ọ́ sínú ìwé ilé. Ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọkùnrin méjì náà wà lára àwọn tí ó ru yanrìn.

Lẹ́yìn èyí, a lọ sí ilé aládùúgbò wa tí kànga rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a sì jẹ́wọ́. Ìyá àgbà ni. Ó ní ó ti pẹ́ tí omi náà ti máa ń ní òórùn díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n òun rò pé korobá òun ni. Láti ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ ti ń gbé omi lọ fún un, a sì ti bu omi kànga náà lọ fún àyẹ̀wò. Ìyá kan láàárín wa tí ó gbọ́ èyí ti sọ fún wa pé ìdérí irin kan wà ní àgbàlá tòun ní Onírèké. A ó lọ wò ó ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Akọ̀wé kí ẹ tó lọ lónìí, kí ẹ má sì ṣí i.

Owó omi ìyá àgbà náà, àti ti kànga jíjìn mìíràn bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé tirẹ̀ ti bàjẹ́, wà ní ojú ewé kejì ìwé tí a pín fún yín. A ń bẹ̀ yín kí ẹ fọwọ́ sí i kí ìpàdé yìí tó tú, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn kò ní pẹ́ dé.